Ẹ Má Sọ Panṣágà Di Iṣẹ́ Ọlọ́pàá

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Àwọn kan ń fẹ́ kí panṣágà di ẹ̀sùn ọ̀daràn nílẹ̀ Yorùbá, bó ṣe wà lókè Ọya. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ rántí Amina Lawal ní Katsina: lọ́dún 2002, kóòtù ní kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa torí pé ó bímọ lẹ́yìn tí òun àti ọkọ ti kọ ara wọn. Ọkùnrin tí Amina pè ní bàbá ọmọ náà sẹ́, wọ́n sì ní kó máa lọ! Ọdún 2003 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó dá a sílẹ̀. Obìnrin ni oyún ń hàn lára rẹ̀, òun náà ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń rí mú. Ẹni tí wọ́n dalẹ̀ lè tú ìgbéyàwó ká. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù ni, òfin ìgbéyàwó ọdún 1970 (Matrimonial Causes Act) gbà kó béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ àlè.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn