Yí Awọ Náà Wò Lábẹ́

Ọ̀yọ́.

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Oṣù méjì rèé tí a kò gbóhùn rẹ. Kì í ṣe torí owó tí o ní o máa fi ránṣẹ́ ni mo ṣe ń kọ̀wé. A ti rí oògùn orúnkún ìyá rẹ rà. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta. Àbẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ télọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lọ́jà Akẹ̀sán ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹnìkan tó ti Ìbàdàn dé ní òun rí àwọn gàárì tó wà níkàáwọ́ rẹ, pé wọ́n ń dán bíi dígí. Ó ní ṣùgbọ́n nígbà tí òun yí awọ tó so ọ̀já ikùn ẹṣin mọ́ gàárì wò lábẹ́, ó ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, òwú sì ti já lójú ìrán rẹ̀. Àkànní! Awọ yẹn ló di gàárì mú. Bó bá já níbi tí ẹṣin ti ń sáré, gàárì á yí lọ sábẹ́ ikùn, ẹni tó gùn ún á bá a lọ.

Òógùn ẹṣin níyọ̀ nínú. Tó bá mọ́jú lára awọ, iyọ̀ yẹn á mú awọ gbẹ, á sì jẹ òwú. Bí o bá ti tú gàárì, kí o tó jẹun, fi aṣọ tútù tí o fún dáadáa nù ún, abẹ́ kó ṣáájú ojú. Fi omi lásán ṣan irin ẹnu ìjánu lójú ẹsẹ̀. Má fi ohun tí a fi ń dán irin kàn án, ẹnu ẹṣin ló ń wọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, títí kan àwọn irin ìdè, kí o rí ibi tí awọ ti ṣẹ́po. Ọṣẹ gàárì ni kí o lò. Fún fóòmù títí omi kò fi ní kán lára rẹ̀ mọ́, kí o tó fi pa ọṣẹ. Bó bá ti ń hó yàà, omi ti pọ̀ jù. Wọ́n ní ọṣẹ dúdú lò ń lò. Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀? Eérú tó wà nínú rẹ̀ tó ń bọ́ ọ̀rá kúrò lára abọ́, òun náà ni yóò bọ́ ọ kúrò lára awọ. Má sá a sóòrùn, má gbé e súnmọ́ iná. Á le bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ.

Bó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, fi òróró ẹsẹ̀ màlúù pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pàápàá lábẹ́ níbi tí awọ kò ti dán, ibẹ̀ ló ń mu ún. Fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó mọ̀ bóyá ó tún ń fẹ́. Bó bá mu àmujù, á rọ, á máa fà gùn, òwú á sì jẹrà. Má lo òróró ẹ̀pà, á kan, eku á sì wá jẹ ẹ́. Gàárì ọdún tó ní awọ pupa tiwa ńkọ́? Má fomi kàn án rárá. Aró pòròpórò ọkà bàbà ló wà lára rẹ̀, á ṣàn sára awọ funfun. Aṣọ gbígbẹ ló tó o.

Òjò ti ń rọ̀. Bí awọ bá bu, tí funfun bò ó, gbé e síta, nù ún, kí o sọ aṣọ tí o fi nù ún nù kó má baà ran ìyókù. Má dì í sí nylọ̀n. Ìjánu kì í gbé orí ìṣó, ojú kan náà ni yóò máa ṣẹ́ títí yóò fi sán. Kan agolo mílíìkì ńlá mọ́ ògiri, orí rẹ̀ ni kí o gbé e kọ́.

Má bínú pé mo ń pariwo. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní kékeré rẹ, bí o bá gbé gàárì wá, ojú rẹ̀ nìkan ni mo máa ń wò. Bó bá ti ń dán, mo á ní o kú iṣẹ́. N kò yí i wò níṣojú rẹ rí, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé abẹ́ ni ewu wà. Ìkánjú owó ni. Dídán tí mo yìn ọ́ fún náà lo mú lọ s'Íbàdàn.

Nítorí náà, fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ṣẹ́ awọ náà po. Bí èékánná rẹ bá wọ ojú sísán rẹ̀, òróró kò lè wò ó mọ́, gé e dànù. Di ìpẹ̀kun méjèèjì mú, kí o fà á tagbáratagbára. Wo ihò tí irin ìdè ń wọ̀ bóyá ó ti fà gùn, wo ibi tí irin ìtẹsẹ̀ ti rọ̀ mọ́ awọ, wo ibi tí okùn ìjánu ti kan irin ẹnu.

Mo ti fi òwú tí mo fi ìda oyin pa àti abẹ́rẹ́ méjì rán awakọ̀ sí ọ. Okùn ìjánu ni kí o fi wọ́n rán. Ti ọ̀já ikùn, má dán an wò; gbé e wálé, jẹ́ kí onísọ̀nà fi awọ tuntun rọ́pò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gun ẹṣin lórí gàárì yẹn títí di ìgbà náà, ọ̀gá rẹ ìbáà bínú.

Lọ yí i wò nísinsìnyí, kí o sì pè mí lálẹ́ òní. Mi ò ní sùn.

Bàbá rẹ.