Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Jà Lórí Michael Jackson ní Tákìẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni bàbá tó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ ní Sátidé, tí ẹ ń pariwo lé lórí. Ẹ ní, "Bàbá, ta ló jàre nínú wa?" Ẹ̀rọ ń ké létí mi nígbà náà, ẹni tí wọ́n ń fárí fún kì í mi orí. Mo ti fárí tán báyìí.

Ọ̀kan nínú yín ní kò tíì sí irú Michael láyé. Èkejì ní irọ́ ni, ògo ẹlòmíì ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó rojọ́ bíi lọ́yà, mi ò sì lè ní ó purọ́. Orin Thriller gan-an, tí wọ́n fi sọ àwo 1982 yẹn lórúkọ, Rod Temperton ará Ìlú Ọba ló kọ ọ́. Quincy Jones ló darí bí wọ́n ṣe gba orin àwo náà sílẹ̀. Eddie Van Halen ló ta gìtá tó ń ké nínú Beat It, orin mìíràn nínú àwo náà, kò sì gba kọ́bọ̀. Ijó ìfàsẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní moonwalk, tí Michael fi ya gbogbo ayé lẹ́nu lọ́dún 1983, Bill Bailey, oníjó ará Amẹ́ríkà, ti jó o ní 1955, wọn ò tíì bí Michael nígbà yẹn.

(Ti ẹjọ́ ìwà Michael tí ẹnìkan tún fẹ́ fà wọ̀ ọ́, ìyẹn wúwo ju ọ̀rọ̀ à-ń-fárí-sọ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.)

Síbẹ̀, lójú tèmi, ògo yẹn tọ́ sí Michael. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ Billie Jean àti Beat It. Mẹ́rin nínú orin mẹ́sàn-án inú àwo náà, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ọmọ Àyàn sì ni mí. Oríkì Sọ̀ún tí mò ń fi ìlù kì, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Bàbá mi kì í, bàbá tiẹ̀ náà kì í. Ṣùgbọ́n bí mo bá kì í tí orí Kábíyèsí wú, èmi ni wọ́n ń náwó fún lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó pè mí lólè.

Ibi tó ti ń dùn mí ni ti Manu Dibango. Ègbè tó wà ní ìparí Wanna Be Startin' Somethin', orin Michael nínú àwo yẹn kan náà, inú Soul Makossa tí ọmọ Kamẹrúùnù yẹn gbé jáde ní 1972 ló ti wá. Wọn ò tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà tó pariwo ni wọ́n tó wá fowó parí ẹ̀.

Bàbá mi lu ìyáàlù fún olórin kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó ti sùn. Ọ̀kan nínú àwo wọn wà nínú àpótí mi. Olórin gbé agbádá wọ̀ níwájú páálí àwo náà. Lẹ́yìn páálí, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ya fọ́tò. Bàbá mi tó fi ìlù ṣáájú gbogbo orin tó wà níbẹ̀, wọn ò kọ tiẹ̀. Nígbà tó lọ sí ilé-ìwé àgbà, tó mọ lẹ́tà díẹ̀, ó mú bíró, ó kọ orúkọ ara ẹ̀ sí igun páálí náà. Lẹ́tà kan dojú kọ ẹ̀yìn.

Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ti ń fi fóònù gbé orin jáde. Ọmọ tó bá yín ṣe bíìtì, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí i kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì jọ sọ ti owó kí owó tó dé.

Màá gbé páálí náà dání bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Igun apá òsì ni kí ẹ wò.

Èmi ni,
Bàbá onílù yín, Ògbómọ̀ṣọ́.