Ẹ̀rí ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́wọ́ agbódegbà

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Iṣẹ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ìdí tábìlì tí àwọn aráàlú ti ń búra sí ìwé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mi lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí ọkọ tàbí ìyàwó wọn wà ní Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba kò wọ́n níbẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń wá: ìwé tí yóò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ físà gbà pé ìgbéyàwó wọn kì í ṣe àwúrúju. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ìgbéyàwó wọn kò ní àbùkù kankan ló ń fi owó ńlá ra ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn agbódegbà, nígbà tí ẹ̀rí tó dára ju èyí tí wọ́n rà lọ wà nínú fóònù wọn, ní báńkì wọn àti lẹ́nu àwọn òbí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin ń béèrè. Nígbà tí ọmọ ìlú Amẹ́ríkà bá kọ fọ́ọ̀mù I-130 pé òun fẹ́ kí ọkọ tàbí aya òun wá bá òun, òun ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé òótọ́ ni. Ìjọba kò ní láti wá ẹ̀rí pé irọ́ ni kí ó tó kọ̀ ọ́. Ìwé rẹ́jísìrì ń sọ pé ìgbéyàwó wáyé lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá àwọn méjèèjì fẹ́ máa gbé pọ̀ gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, ìyẹn gan-an sì ni òṣìṣẹ́ náà fẹ́ mọ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1986 nítorí ìgbéyàwó àwúrúju ló fà á tí ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún 2 nígbà tó wọ Amẹ́ríkà fi ń gba gríìn káàdì ọlọ́dún méjì, tí tọkọtaya yóò sì tún jọ kó ẹ̀rí jọ fún fọ́ọ̀mù I-751, èyí tí wọ́n fi ń béèrè pé kí wọ́n mú gbèdéke ọdún méjì náà kúrò, láàárín 90 ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí káàdì náà yóò parí. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìgbéyàwó kí ó lè fi yẹ òfin ìwọ̀lú sílẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 250,000 dọ́là. Èyí tó tún burú ju ẹ̀wọ̀n lọ lójú tèmi ni pé bí wọ́n bá ti kọ ọ́ mọ́ ènìyàn lórúkọ pé ó ṣe irú rẹ̀, ìwé tí ọkọ tàbí aya mìíràn bá kọ nítorí rẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní gba ìfọwọ́sí, bí ìfẹ́ kejì ìbáà tilẹ̀ jẹ́ tòótọ́.

Ohun kan wà tí àwọn ẹbí wa kò mọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n fetí sí i dáadáa. Nílẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí yóò bínú bí ọkọ kò bá sí nílé lọ́jọ́ ìdána. Bàbá àti ìyá rẹ̀ yóò kó ẹrù ìdána lọ, àbúrò rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ ní ipò rẹ̀, alága ìdúró àti alága ìjókòó yóò jọ ta ohùn, wọn yóò gbé fọ́tò ọkọ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, gbogbo ẹbí yóò sì gbà láti ọjọ́ náà pé ọmọ ti di ìyàwó ilé. Òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ àti ìyàwó kò bá jọ wà níwájú ara wọn níbi ayẹyẹ náà, òfin náà kò kà wọ́n sí tọkọtaya àyàfi bí wọ́n bá ti bá ara wọn sùn lẹ́yìn ayẹyẹ. Òfin Ìlú Ọba náà béèrè pé kí àwọn méjèèjì ti fojú kan ara wọn rí. Nítorí náà, ọkọ tí kò sí nílé lọ́jọ́ ìdána gbọ́dọ̀ wálé lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kí ó ya àwòrán ojú ìwé ìrìnnà rẹ̀ tí àwọn aṣọ́bodè lu òǹtẹ̀ sí, kí ó sì pa rísíìtì ilé ìtura tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá sùn sí mọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n lọ sí rẹ́jísìrì nínú ìrìn àjò kan náà. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní kí ni ti òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ ibùsùn ọmọ àwọn, ṣùgbọ́n bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ló tẹ̀ lé e. Ọkọ púpọ̀ ló wà lókè òkun tó ń bọ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń san owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ, síbẹ̀ bí ẹ bá ní kí ó mú àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá, ẹ kò ní rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Ìdí ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ owó lábẹ́lẹ̀ ló ń gbà, nítorí pé iye tí wọ́n ń fún un lórí dọ́là kan lè ju ti báńkì lọ. Yóò fún ẹnì kan ní dọ́là ní Houston, ẹlòmíràn tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ rí yóò sì fi náírà sínú àkáǹtì ìyàwó ní Ìbàdàn. Bí òṣìṣẹ́ físà bá wo àkọsílẹ̀ báńkì obìnrin náà, ohun tí yóò rí ni ọkùnrin oríṣiríṣi tó ń fi owó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, láìsí kọ́bọ̀ kan láti ọwọ́ ọkọ rẹ̀! N kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ kí owó rẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó yẹ kí iye kan, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, máa lọ lóṣooṣù láti orúkọ ọkọ sí orúkọ ìyàwó nípasẹ̀ báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ tó ń fúnni ní rísíìtì. Bákan náà ni fọ́ọ̀mù ibi iṣẹ́, ti ìbánigbófò àti ti owó ìfẹ̀yìntì, níbi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ohun ìní ẹni bí ikú bá dé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ló ti gbéyàwó tipẹ́ tó jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn ló ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n lọ yí i padà, kì í ṣe nítorí físà nìkan.

Ní ti àwòrán, ẹgbẹ̀rún fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo kò ṣe tó bí mélòó kan tó wá láti ọdún sí ọdún, tí àwọn òbí, ọ̀rẹ́ àti ọmọ wà nínú rẹ̀. Àwọn agbódegbà máa ń mú tọkọtaya lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, wọn yóò pààrọ̀ aṣọ ní ìgbà mẹ́rin lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí ó lè dà bíi pé oṣù mẹ́rin ni. Wọn a gbàgbé pé irun orí ìyàwó kò yí padà. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp náà dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ka ẹgbẹ̀rún ojú ewé. Kí ẹ mú díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kọ̀ọ̀kan, tí ọjọ́ àti orúkọ hàn lórí rẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tí ojú ń tì yín láti fi han àlejò kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ fóònù, kí ó kọ́kọ́ tọ́jú gbogbo rẹ̀ síbòmíràn, torí pé fóònù tó bọ́ sọ́wọ́ olè ní Ọ̀jọ́ta lè gbé ọdún mẹ́ta ìfẹ́ lọ.

Orí ìwé ìbúra ni mo ti lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú jù lọ. Ohun tí a sábà máa ń rí ni ìwé mẹ́ta, ti bàbá, ti ọ̀rẹ́ àti ti pásítọ̀, tí ọ̀rọ̀ inú wọn kò fi ohunkóhun yàtọ̀ ju orúkọ lọ, nítorí ọwọ́ atẹ̀wé kan náà tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti rà á. Gbólóhùn tó máa ń wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀ àti àlàáfíà, nígbà tí ó hàn gbangba pé ọ̀kan wà ní Maryland tí èkejì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlànà Amẹ́ríkà sọ pé kí ẹni tó búra kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i, kí ó sì ṣàlàyé bí ó ṣe mọ ohun tó ń sọ. Apá ìgbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì. Ìyá ọkọ kan wá sọ́dọ̀ wa tí kò mọ̀wé. Ó sọ fún wa bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń pe àwọn méjèèjì lálaalẹ́, àti ìjà tí òun àti ìyàwó náà jà lórí orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ. Ó bi wá bóyá kí a yọ ti ìjà náà kúrò, a ní kí ó jẹ́ kó wà. A kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì kà á sí i létí kí ó tó tẹ̀ka. Bí ìwé ìbúra ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹni tó ti gbéyàwó rí gbọ́dọ̀ kíyè sí bí èyí àkọ́kọ́ ṣe parí. Ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Ìwé tí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ bá fúnni lórí irú rẹ̀ kò ní agbára. Lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ìtúká náà tó fìdí múlẹ̀, ẹni tó bá sì sáré fẹ́ ẹlòmíràn kí ó tó pé kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìgbéyàwó àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí láti ọwọ́ NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, ti ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé àti ti ìwé ìrìnnà kì í sábà dọ́gba, nítorí náà ẹni tó yí orúkọ padà gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé ìròyìn tí ó fi kéde rẹ̀, odindi ìwé náà, kì í ṣe ojú ewé tó gé jáde.

Kí ẹni tó ń lọ sí Ìlú Ọba tún rántí pé láti oṣù kẹrin 2024, iye tí ẹni tó ń pe ọkọ tàbí aya wá gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún ti kúrò ní 18,600 pọ́n-ùn, ó di 29,000. Kò sí ìwé ìfẹ́ tó lè dípò èyí.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, bí àwọn tó ń ta ayédèrú ìwé Olúwọlé lábẹ́ orúkọ ìrànlọ́wọ́ físà bá gbé ìpolówó wá sọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á. Èkejì, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdána ń wáyé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó, kí wọ́n sọ ibi tí ẹbí lè lọ fi orúkọ ìdána sílẹ̀, iye tí wọn yóò san, àti ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.