Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nítorí ìdánwò oṣù kẹfà

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ayọ̀mídé ọmọ mi. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún òun ti ń dẹ̀rọ̀, ó ti ń rìn dé ìta láìmú ọ̀pá. Àlàáfíà la wà ní Ìbàdàn níbí.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. O ní o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ apòògùn ọlọ́sẹ̀ 52 náà ní ìlú Ọba, pé oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀ ni ìdánwò, àti pé bó bá ti di oṣù kẹta, wàá gbájú mọ́ ìwé. Mi ò dá ọ lóhùn nígbà náà torí ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, mo sì fẹ́ kí o lè kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Má dúró de oṣù kẹta, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ibi tí èrò oṣù kẹta yẹn ti wá. Bí àwa náà ṣe kàwé ní Ifẹ̀ nìyẹn. A ó máa ṣeré kiri títí ìdánwò á fi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó wá bẹ̀rẹ̀ TDB, a ó kàwé mọ́jú, a ó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má bàa gbé wa lọ. A sì ń yege. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi wá ní ohun kan náà ní oṣù kejì lẹ́yìn ìdánwò, a ó máa wo ojú ara wa. Ohun tí a rọ́ sórí lóru kan, òru kan náà ló ń bá lọ.

Eléyìí kò gba irú ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni GPhC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apòògùn níbẹ̀, ń ṣe é, ní oṣù kẹfà àti oṣù kọkànlá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sì gbà kí èèyàn jókòó fún un. Apá méjì ni, ọjọ́ kan náà. Ìṣírò ni ti àkọ́kọ́, ìbéèrè 40 fún wákàtí méjì. Ìbéèrè 120 ni ti ìkejì, fún wákàtí méjì ààbọ̀. Tí o bá yege nínú ọ̀kan tí o sì pàdánù ìkejì, àtúnṣe méjèèjì ni. Pín in wò: ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kan ìbéèrè ìṣírò kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kò sì pé fún ti ìkejì, ìṣẹ́jú àáyá 75 ni. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ gbé BNF, ìwé atọ́nà oògùn wọn, wọlé; èyí tí ìbéèrè bá nílò nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi hàn yín. Èèyàn ni wọ́n á gbé síwájú rẹ: obìnrin ẹni ọdún 72 tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tí dókítà tún wá kọ clarithromycin, oògùn apakòkòrò, fún nítorí kòkòrò tó wọ àyà rẹ̀. Kí ni wàá ṣe? Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 75, o gbọ́dọ̀ ti rí i pé INR rẹ̀, ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, lè gòkè, kí o sì mọ ẹni tó yẹ kí o pè. Ẹni tó ti bá ọ̀rọ̀ warfarin pàdé nígbà ogún kí ọjọ́ yẹn tó dé ló ń rí i.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ọ rí. Ní 1985, nígbà tí mò ń ṣe ọdún ìkọ́ṣẹ́ tèmi ní ọsibítù ìjọba kan, wọ́n kọ digoxin fún ọmọ oṣù mẹ́jọ kan tí ọkàn rẹ̀ ń ṣe àárẹ̀. Kílò mẹ́jọ ni ọmọ náà. Microgram 10 fún kílò kan lóòjọ́ ni dókítà kọ, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ microgram 80. Oògùn olómi tó wà lọ́wọ́ wa ní microgram 50 nínú ml kan, nítorí náà ml 1.6 ló yẹ kí n kọ sára ìgò. Nígbà tí mo ń yí microgram sí milligram, mo gbé pọ́íǹtì síbi tí kò yẹ. Mo kọ ml 16. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ìyá ọmọ náà sì ti na ọwọ́.

Ọ̀gá mi, àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, ló gba ìgò náà lọ́wọ́ mi. Kò bú mi. Ó bu omi ml 16 sínú ife ìwọnwọ̀n, ó gbé e síwájú mi, ó ní, “Ṣé ọmọ yẹn lè mu èyí?” Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ìlọ́po mẹ́wàá ni mo fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Láti ọjọ́ yẹn títí ọdún náà fi parí, kí a tó ṣí wíńdò láàárọ̀, ìṣírò mẹ́wàá ni mo gbọ́dọ̀ ṣe níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Lójoojúmọ́. Mo sunkún nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún 35 tí mo fi ṣiṣẹ́, oògùn ọmọdé kan kò kúrò lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo bi ara mi léèrè ìbéèrè ọ̀gá mi.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìṣírò jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wàá fọwọ́ kàn, mẹ́wàá láràárọ̀, láti ọ̀la. Mo mọ̀ pé wọ́n gbà kí ẹ lo ẹ̀rọ ìṣírò. Ẹ̀rọ kò ní sọ fún ọ pé ọmọ oṣù mẹ́jọ kò lè mu ml 16. Wọn kò sì ní to ìdáhùn márùn-ún síwájú rẹ kí o mú ọ̀kan. Fúnra rẹ ni wàá tẹ iye náà, kò sì sí máàkì fún ọ̀nà tí o gbà dé ibẹ̀. Máa ṣe ti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún títí kò fi ní wú ọ lórí mọ́: glucose 5% túmọ̀ sí gíráàmù 5 nínú ml 100, gíráàmù 25 ló sì wà nínú àpò ml 500. Adrenaline 1 nínú 1000 jẹ́ mg kan nínú ml kan. 1 nínú 10,000 sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Máa ṣe ti omi tó ń kán sára aláìsàn ní ml fún wákàtí kan. Máa ṣe ti bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí: 140, yọ ọjọ́ orí kúrò, fi kílò sọ ọ́ di púpọ̀, tún fi 1.23 fún ọkùnrin tàbí 1.04 fún obìnrin, kí o tó fi creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí tí kídìnrín ń sẹ́ kúrò, pín in. Tí o bá sì ń kọ microgram, kọ ọ́ jáde tán, má gé e kúrú. Láti kékeré ni kí ọwọ́ ti mọ ọ́n.

Ní ti ìwé kíkà fúnra rẹ̀, GPhC ka àwọn ibì kan sí ju ibòmíràn lọ: ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ọpọlọ àti iṣan, àtọ̀gbẹ àti àwọn ẹbí rẹ̀, àti àwọn àrùn tí kòkòrò ń fà. Àwọn mẹ́rin yìí ni kí o fi oṣù kẹsàn-án dé ìparí oṣù kọkànlá kà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ìdí. Nígbà tí o wà ní Sunderland ní ọdún tó kọjá tí ò ń ṣe OSPAP, ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn tó ti kàwé jáde ní ilẹ̀ mìíràn, o pè mí ní oṣù kejìlá, o ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù tí ilẹ̀ ti ṣú, pé o ń padà wálé bí ẹni tí wọ́n lù. Mi ò gbàgbé ohùn rẹ ní ọjọ́ yẹn. Torí náà gbé ẹrù tó wúwo jù kí òkùnkùn tó dé. Ní oṣù kejìlá, má ṣí orí tuntun kankan. Padà sórí èyí tí o ti kà nìkan. Láti oṣù kìíní, o lè máa kó àwọn tó kù, inú, ẹ̀dọ̀fóró, awọ ara, ojú, àti òfin. Tó bá di oṣù kẹrin, ìbéèrè ni kí o fi máa kàwé, kì í ṣe ìwé lásán. Ní oṣù karùn-ún, jókòó ní ọjọ́ Sátidé kan, ìṣírò láàárọ̀, ìkejì lọ́sàn-án, pẹ̀lú aago níwájú rẹ.

Má kọ BNF sínú ìwé mìíràn. O fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mẹ́rin, láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti mọ̀ ọ́. Ó dára lójú, kò sì wọ orí. Ra ìwé kékeré kan, kí o máa kọ àṣìṣe rẹ nìkan sínú rẹ̀: ìbéèrè tí o kùnà àti ìdí tí o fi kùnà á. Ṣí i ní ọjọ́ kejì, ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tún ṣí i lẹ́yìn oṣù kan. Ibi tí o bá ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, fi àmì sí i, kí o pè mí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà.

Ìwé tó dára jù sì ti wà níwájú rẹ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Lójoojúmọ́ tí o bá wà níbi iṣẹ́, mú ìwé mẹ́ta tí dókítà fi kọ oògùn lọ́kàn wálé, láìkọ orúkọ aláìsàn kankan sílẹ̀. Bi ara rẹ pé: kí nìdí tí wọ́n fi kọ èyí, àyẹ̀wò wo ló yẹ kí wọ́n máa ṣe, oògùn wo ni kò bá a rẹ́, kí ni mo yẹ kí n sọ fún aláìsàn? Tó bá jẹ́ methotrexate ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, bí ọ̀nà ọ̀fun bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kó yára fẹjọ́ sùn. Tó bá jẹ́ morphine oníhóró ni, ọjọ́ 28 péré ni ìwé yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni òfin ti ń wọ èèyàn lára. O mọ òfin wa nílé, o mọ ibà ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní bi ọ́ ní ibà bí wọ́n ṣe máa bi ọ́ ní inhaler àti oògùn ọ̀rá ẹ̀jẹ̀. Má jẹ́ kí ìgboyà ilé tàn ọ́.

O ní ẹnìkan ń ta ìbéèrè àtẹ̀yìnwá fún yín lórí WhatsApp. GPhC kì í tú ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ síta, àpẹẹrẹ díẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn, wọ́n sì ka pípín ohun tí èèyàn rí níbẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Expo ni ẹni yẹn ń tà, orúkọ mìíràn ló fún un. Kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn lónìí. Mo tọ́ ọ kí o lè máa fi orúkọ rẹ sábẹ́ oògùn láìbẹ̀rù.

Ní ti ilé: aago márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí Ayọ̀mídé tó jí, tìrẹ ni. Bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó mú ọmọ jáde ní Sátidé fún wákàtí mẹ́ta. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ó rẹ òun náà, kò sì yẹ kí ó gbọ́ ọ bí àṣẹ. Sùn. Má gba iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú kún ti ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ nítorí owó tí o ń fi ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù lo fi fẹ́ gbà á, mo bẹ̀ ọ́, dá owó náà dúró títí di oṣù keje. Èmi àti bàbá rẹ ti jọ sọ ọ́. Owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé, òrùlé ẹ̀yìnkùlé náà lè dúró de òjò mìíràn.

Ọjọọjọ́ Àìkú ni màá máa fi ìṣírò kan ránṣẹ́ sí ọ. Ti ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan, dókítà kọ amoxicillin mg 250 fún un, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Èyí tó wà lórí pẹpẹ rẹ jẹ́ mg 125 nínú ml 5, ìgò ml 100 sì ni. Ìgò mélòó ni wàá pò fún ìyá rẹ̀, mélòó ni ml tó máa ṣẹ́ kù, kí ni wàá sì sọ fún un pé kí ó ṣe sí i?

Mo ń retí ìdáhùn rẹ kí oorun tó kùn mí lálẹ́ Àìkú.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Màmá Àbẹ̀kẹ́