Ìkéde: A Ó Tọ́ Ìpékeré Ọ̀dùnkún Wò ní Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a kí yín o. Ní ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó tọ́ ìpékeré ọ̀dùnkún wò, àwọn tí wọ́n fi adùn àgbègbè kọ̀ọ̀kan sí.

Ti Jámánì tó ní paprika, ata pupa gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, la ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò le lẹ́nu. Ti Japan tó ní nori, ewéko inú òkun, ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ti Kánádà tó ní adùn ketchup. Ti Maryland ní Amẹ́ríkà ni èmi ń retí jù: irú èròjà tí wọ́n fi ń se alákàn níbẹ̀ ni wọ́n ń bù wọ́n ọn, iyọ̀, ata àti irúgbìn sẹ́lẹ́rì, ẹ̀fọ́ olóòórùn kan. Ti Gẹ̀ẹ́sì, oníyọ̀ àti fínígà, ló máa kẹ́yìn. Bí kíkan rẹ̀ bá ti gba ẹnu, a ò ní mọ adùn èyí tó kù mọ́.

Ẹ̀yìn tí wọ́n bá dín ọ̀dùnkún tán ni wọ́n sábà máa ń bu èròjà wọ́n ọn, ojú rẹ̀ ló sì máa ń wà. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e lé ahọ́n kí ẹ tó rún un.

Ẹni tí wàrà tàbí àlìkámà kì í bá lára mu, kó tètè sọ fún mi. Ìyẹ̀fun wàrà máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ èròjà wọ̀nyí. A ò ní ju ọ̀rá kankan nù, kí gbogbo wa lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kálukú kó mú omi tirẹ̀ dání.

Akọ̀wé ẹgbẹ́