Yìnyín Tó Ń Yọ́ ní Ìpẹ̀kun Ayé Kan Àwa Náà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ túbọ̀ máa kọ ìròyìn nípa ìṣèlú àwọn ìpẹ̀kun ayé méjèèjì, níbi tí yìnyín ti ń yọ́ nítorí ooru tó ń pọ̀ sí i. Ní àríwá, orílẹ̀-èdè 8 ló dá Ìgbìmọ̀ Arctic, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ní ilẹ̀ ní ìpẹ̀kun àríwá, sílẹ̀ ní 1996, ṣùgbọ́n nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní 2022, àwọn 7 yòókù dá ìpàdé pẹ̀lú rẹ̀ dúró. Ó dùn mí gan-an, nítorí ìgbà náà gan-an ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣe pàtàkì jù.

Ní gúúsù, orílẹ̀-èdè 12 ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí Àdéhùn Antarctica, tó ní kí a lo ilẹ̀ yìnyín náà fún àlàáfíà àti ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ní 1959, Gúúsù Áfíríkà nìkan ló sì wá láti ilẹ̀ adúláwọ̀ nínú wọn. Àdéhùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1991 ka wíwa kùsà níbẹ̀ léèwọ̀. Nàìjíríà kò tíì fọwọ́ sí àdéhùn 1959 yìí. Bẹ́ẹ̀, omi yìnyín orí ilẹ̀ Greenland ní àríwá àti Antarctica wà lára ohun tó ń mú kí òkun ga sí i, àwọn ará Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí òkun ti gba ilé wọn, sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ bá wa bi àwọn aṣòfin wa ní Àbújá léèrè ìgbà tí Nàìjíríà yóò fọwọ́ sí Àdéhùn Antarctica.

Òǹkàwé yín,
Ilé-Ifẹ̀