Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ Màmá rèé

Ìkòròdú,
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ibẹ̀ o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní Màmá wà dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Jọ̀ọ́, má tíì pe ẹni tó ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí a gbé Màmá sí yẹn. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

O mọ̀ pé Sátidé ni mo máa ń lọ, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ pé mò ń bọ̀. Màmá á ti wẹ̀, wọ́n á ti fi páúdà sọ́rùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé ìkókóre, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Sábó, mo sì débẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Wọ́n fi mí sẹ́nu géètì fún ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ní àwọn ń tún Màmá ṣe. Kí ni wọ́n ń tún ṣe láago méjì ọ̀sán?

Búláòsì ọrùn Màmá kì í ṣe tiwọn. Kọ́ọ̀bù omi wà lórí fèrèsé níbi tí ọwọ́ wọn kò lè dé, ahọ́n wọn sì gbẹ táútáú. Mo bu omi fún wọn, wọ́n mu kọ́ọ̀bù mẹ́ta láìmí. Màmá tí a máa ń bẹ̀ kí wọ́n tó mumi! Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ṣé ẹ ti jẹun, Màmá?" Òun ló dáhùn: "Wọ́n ti jẹ àmàlà, mà." Màmá kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó mi orí. Àdùkẹ́, ìyá rẹ tó ń bá agbowó-orí wọ̀yá ìjà lọ́jà! Ìwò ojú yẹn ló dùn mí jù.

Mo rán ọmọ náà ní ṣíbí, mo sì yẹ Màmá wò. Mo ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ kú sí apá wọn. N kò lè búra pé lílù ni, torí Màmá ń lo aspirin lójoojúmọ́, awọ àgbàlagbà sì fẹ́lẹ́. Kí èèyàn di apá mú láti gbé wọn dìde lè fà á. Àmọ́ n kò rí àwíjàre kankan fún gìgísẹ̀ wọn. Ó pọ́n, ó tó ìdérí ìgò. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Awọ tó ń ṣe dáadáa máa ń funfun díẹ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ tó padà. Èyí kò yí padà rárá. Ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti bó ní tiẹ̀, ó ti di egbò. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí i, tọ̀sán tòru. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi Màmá sí.

N kò bi wọ́n pé ta ló ṣe é. Mo kàn ní, "Màmá, báwo lalẹ́ ṣe ń rí níbí?"

Wọ́n ní, "Ilẹ̀ kì í tètè mọ́." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Má sọ fún Àdùkẹ́ o. Owó ẹ̀ ti pọ̀ jù lórí mi."

Ṣíbí dé.

Ká ní mo sọ òtítọ́ fún ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wàá ti pè wọ́n, wàá ti pariwo, ọwọ́ ọmọ yẹn náà ni Màmá ì bá sì sùn mọ́jú. Ìdí tí mo fi parọ́ nìyẹn. Mo ya fọ́tò. Mo kọ aago àti ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo ní mo fẹ́ gbé Màmá lọ wo ojú. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò látòkèdélẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A kò padà síbẹ̀ mọ́. Yàrá àwọn ìbejì ni wọ́n wà báyìí.

N kò bínú sí ọmọ yẹn tó bí o ṣe máa rò. Òun nìkan ló ń tọ́jú arúgbó mọ́kànlá, ọ̀sán àti òru. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ ló ni ẹjọ́.

Àdùkẹ́, má sọ pé Màmá ti kúrò níbẹ̀, kó tán síbẹ̀. Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wọn, okùn ti bó ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yípo. N kò rí ẹnikẹ́ni tó wá wò ó rí. Torí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí o kọ̀wé. Orúkọ rẹ ló wà nínú fọ́ọ̀mù tí a fi gbé Màmá síbẹ̀, ìwé rẹ á ní ẹsẹ̀ ju tèmi lọ. Kọ ọ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti ìdàgbàsókè àwùjọ, ní Aláùsá. Àwọn náà ló ni ilé arúgbó ìjọba tó wà ní Yábàá. Èmi á gbé e lọ fúnra mi, pẹ̀lú ìwé dókítà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la, màá pe 767, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, nítorí bàbá yẹn.

Ní June 15, mo ń ṣa ẹ̀wà, rédíò ń sọ pé láti ọdún 2011 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ nítorí ìyà tí wọ́n ń fi jẹ àgbà. Mo yí i sí ibi orin. Mo ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni.

Fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà àti rìsíìtì gbogbo oṣù ránṣẹ́. Àwọn fọ́tò wà lórí WhatsApp rẹ, má ṣí wọn níbi iṣẹ́. Màmá jẹ ìkókóre méjì lánàá, wọ́n ní ata mi kò tó.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì